Àwọn Orúkọ Tí Mẹ̀dínátù Kì Í Pè

Ní ilé Bàrúwà ní Ìdí-Apá, abúlé tó wà lójú ọ̀nà oko téèyàn bá ti kọjá Ọjà-Ọ̀dàn, obìnrin kan wà tó ti gbé ibẹ̀ fún ọdún méjìlélógójì, tí kò sì tíì pe orúkọ ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ rí. Mẹ̀dínátù ni orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá dé tó ní Mẹ̀dínátù lòun ń wá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ fún un pé ó ti ṣìnà, nítorí kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ni àwọn àgbà ilé ń pè é. Ìyá Toyibat ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Màmá Oníwèé ni àwọn ọmọdé ń pè é, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn láìpẹ́.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí Husain, àkọ́bí ilé Bàrúwà, gbé e níyàwó. Ohùn Kétu ló wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà, àwọn ọmọ ilé a sì máa sín in jẹ bó bá ti la ẹnu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó wọlé, ìyá ọkọ rẹ̀, Bàlíkísù, to àwọn ọmọ ilé sílẹ̀ lójúde, láti orí èyí tó ti ń hu irùngbọ̀n dórí èyí tí ikun ṣì wà nímú rẹ̀.

"Ìyàwó," Bàlíkísù wí, "gbogbo àwọn tí o rí yìí ló ti wà nílé kí o tó dé. Ọkọ rẹ ni gbogbo wọn. Orúkọ tí a sọ wọ́n kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu rẹ. Wò wọ́n dáadáa, kí o fún kálukú lórúkọ tìrẹ."

Mẹ̀dínátù wò wọ́n. Kò kánjú. Ó pe ọmọbìnrin tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ilá ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó pe èyí tó di ẹ̀pà mú lọ́wọ́ méjèèjì ní Ẹlẹ́pà. Ó pe ẹni tí eyín rẹ̀ dára ní Eyínmẹ́nugún. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kan èyí tó kéré jù, àbíkẹ́yìn Bàlíkísù, ọmọ ọdún mẹ́fà tó fi èédú kọ nǹkan káàkiri ara ògiri ilé ìdáná, tó tún mú èédú náà dání níbi tó dúró sí.

"Eléyìí ńkọ́?"

"Akọ̀wé ni, mà."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàlíkísù náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá kojú sí i.

"Ṣé àwọn orúkọ tòótọ́ yẹn kò ní í jáde?"

"Wọn ò ní í jáde láé, mà."

Mẹ̀dínátù kò ka ọ̀rọ̀ yìí sí ìyà. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà, àwọn mìíràn ṣì ń ṣe é. Ohun tó wà lọ́kàn tirẹ̀ ni pé, ọjọ́ tí òun fún àwọn ọmọ náà lórúkọ ni òun wò wọ́n lójú fún ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ náà ló sì fẹ́ràn wọn.

Akọ̀wé kọ̀ láti lọ sílé ìwé àfi bí Ìyàwó bá pọ̀n ọ́n. Ilé ìwé ìjọ ni, olùkọ́ ibẹ̀ sì ni Mísìsì Dinah, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ le, tí ọwọ́ rẹ̀ kò le. Bí Ìyàwó bá gbé ọmọ náà dé ibẹ̀, ọmọ náà kì í fẹ́ kó lọ, nítorí náà ló ṣe máa ń jókòó sábẹ́ fèrèsé, tí yóò máa bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Ọwọ́ rẹ̀ wà lára ẹ̀gúsí, etí rẹ̀ wà nínú kíláàsì. Mísìsì Dinah rí i. Ó kàn ṣí fèrèsé náà sí i, ó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè. Nígbà tí Akọ̀wé yóò fi dé kíláàsì kẹta, Mẹ̀dínátù ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ìyẹ̀fun, sára ọkọ̀, sára páálí ọṣẹ. Ó tún ìwé ọmọ náà kọ láti ojú ewé kìíní títí dé ìparí, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi gún ju ti ẹni tó ni ìwé lọ.

Láti ìgbà náà ló ti di ẹni tí gbogbo Ìdí-Apá ń gbé ìwé wá bá. Àwọn ará ìdí mọ́ṣáláṣí ń wá, àwọn ará ìdí ṣọ́ọ̀ṣì ń wá. Ó ń ka lẹ́tà, ó ń ka bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n lo oògùn, ó ń ka èsì ìdánwò ọmọ fún bàbá tí kò mọ̀wé. Ohun tó bá kà nínú ìwé ẹnìkan, ẹlòmíràn kì í gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Husain kú, ọdún kẹjọ nìyí. Ojú Bàlíkísù, tí wọ́n ń pè ní Màmá Àgbà báyìí, fọ́ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ríran mọ́. Mẹ̀dínátù ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òun ló ń sọ ìròyìn ìlú fún un.

Ohun kan ló wà lọ́kàn Mẹ̀dínátù tí kò jẹ́ kó sinmi. Ìdí-Apá kò ní ilé ìwòsàn. Aboyún tó bá ti ń rọbí gbọ́dọ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Ayétòrò. Bẹ́ẹ̀ ni Toyibat, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà láyé, ṣe gùn ún lọ́jọ́ kan nígbà òjò, nígbà tó wá sílé ìyá rẹ̀ wá bí àkọ́bí rẹ̀. Ẹrẹ̀ mú táyà. Ẹ̀bá ọ̀nà ni ọmọ náà wáyé sí. Ó ké lẹ́ẹ̀kan. Ìborùn Mẹ̀dínátù ni wọ́n fi wé e lọ sílé, ìborùn náà ni wọ́n sì fi sin ín. Toyibat tún ti lóyún báyìí, ó wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Ìlaró, ó sì ti sọ ọ́ láìfi bò pé òun ò ní í wá sílé wá bímọ mọ́.

"Màmá, ẹ má bínú," ló wí lórí fóònù. "Ọ̀nà yẹn ni mi ò lè wò lẹ́ẹ̀kejì."

"Èmi kọ́ ni yóò bínú," Mẹ̀dínátù dá a lóhùn. Ó pa fóònù, ó sì lọ bó ẹ̀gúsí tí ẹnikẹ́ni kò ní kó bó.

Kì í ṣe pé kò tíì béèrè. Ọdọọdún ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé ìlú ṣe rí ní Ìdí-Apá ni pé inú àgbàlá Baálẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ń jókòó sí, àwọn obìnrin yóò wà lẹ́yìn ògiri. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin bá ní, yóò sọ ọ́ fún ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹn ni yóò gbé e wọlé. Ní ọdún kan, Mẹ̀dínátù sọ ọ̀rọ̀ nípa ilé ìwòsàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ó fetí sí ògiri láti gbọ́ bí wọn yóò ṣe sọ ọ́ nínú lọ́hùn-ún. Ohun tó gbọ́ ni: "Àwọn obìnrin ní ká kí Baálẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Olúwadárasími dé láti ọ́fíìsì ìjọba, tòun ti báàgì lọ́rùn. Ó ní ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn kéékèèké sí àwọn abúlé díẹ̀. Abúlé tó bá fẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè tí gbogbo ará ìlú fi ìbò yàn, tọkùnrin tobìnrin.

"Èmi ńkọ́?" Baálẹ̀ béèrè. Ọ̀ṣunníyì ni orúkọ Baálẹ̀, ọmọ ilé Bàrúwà kan náà ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. "Lódìkejì bọ́dà lọ́hùn-ún, ṣẹ́ẹ̀fù, ìyẹn olórí lédè Faransé, ni àwọn ìbátan wa ń pè mí. Ṣé ẹ fẹ́ yan ẹlòmíràn lé mi lórí ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ni ìlú. Ìgbìmọ̀ ló máa bójú tó iṣẹ́. Ẹ̀yin náà máa dìbò."

"Èmi ò ní tò sórí ìlà kankan."

Olúwadárasími rọra rẹ́rìn-ín, kò bá a jiyàn. Ó béèrè ẹni tó mọ̀wé kọ ní ìlú náà tí kò sì ní í ṣègbè. Kò sí ọwọ́ tí kò nà sí ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Mẹ̀dínátù wà.

"Ìyàwó ilé mi ni," Baálẹ̀ wí. "Ohùn rẹ̀ ò kọjá ògiri yẹn láti ọjọ́ tó ti dé."

"Ẹ ò bá wó ògiri náà, Bàbá!" obìnrin kan wí láti ẹ̀yìn. Ẹ̀rín ta lọ́tùn-ún lósì. Títí di òní, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́ pé òun lòun sọ ọ́.

Wọ́n ní kí Mẹ̀dínátù kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti tó ọmọ ọdún méjìdínlógún. Lọ́jọ́ Sátidé, lábẹ́ igi apá tó wà láàárín ìlú, òun náà ni yóò pe àwọn orúkọ náà sókè. Ẹni tí wọ́n bá pè yóò jáde, yóò gba ìwé ìbò, yóò tẹ̀ka, yóò jù ú sínú àpótí.

"Ẹni tó mọ ojú kálukú ló gbọ́dọ̀ pè é," Olúwadárasími ṣàlàyé. "Ní abúlé kan tí a ti kọ́kọ́ ṣe é, àlejò ló pe orúkọ. Òkú mẹ́ta ló dáhùn. Bó bá yọrí lọ́jọ́ Sátidé, ibí ni ilé ìwòsàn máa wà. Bí kò bá yọrí, ó di abúlé tó kàn."

Ẹni méjì ló jáde fún ipò alága. Dèjì, tíṣà ilé ìwé, jáde láti ìdí ṣọ́ọ̀ṣì. Akọ̀wé jáde láti ilé Bàrúwà. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta báyìí, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni, irun orí rẹ̀ sì ti ń pá. Bó ti dàgbà tó yìí, òun àti Mẹ̀dínátù ṣì ń fi ẹ̀yin bá ara wọn sọ̀rọ̀: òun ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó pọ̀n ọ́n dàgbà, ìyẹn náà ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó bá nílé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Mẹ̀dínátù fi rìn láti ilé dé ilé. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń kọ, yóò kà á padà fún wọn, yóò sì bi wọ́n bóyá bó ṣe wà nínú káàdì ìdìbò wọn nìyẹn. Ilé Bàrúwà ló fi ṣe ìkẹyìn. Kò ní kí ẹnikẹ́ni sọ orúkọ fún un níbẹ̀, nítorí ta ni kò mọ̀ nínú wọn? Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà tó gún, tó mọ́. Inú rẹ̀ dùn bó ti ń kọ ọ́. Ó pa ìwé náà dé, ó sì fi rán ọlọ́kadà sí Olúwadárasími.

Lọ́jọ́rú, Olúwadárasími padà dé pẹ̀lú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀. Ó dúró lábẹ́ apá, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú káàdì kálukú. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí ó fi dé ilé Bàrúwà.

"Ta ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́?"

Obìnrin kan dìde. Opó ni, tó ti padà wá sílé bàbá rẹ̀, ó sì ti sanra tó bẹ́ẹ̀ tí àga fi ń bá a dìde. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹlẹ́pà?"

Bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun nawọ́ sókè.

Olúwadárasími náà ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bó ti wo káàdì tó wà lọ́wọ́ bàbá náà, ẹ̀rín rẹ̀ dúró. "Màmá," ó wí fún Mẹ̀dínátù, "kò sí orúkọ yìí nínú káàdì wọn. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?"

Mẹ̀dínátù gba ìwé náà, ó wò ó. Ìgbà yẹn gan-an ló tó mọ ohun tí òun ṣe. Kò ṣe é láti fi pamọ́. Nígbà tó ń kọ ọ́, orúkọ wọn náà ni lójú rẹ̀. Ojú tì í débi tí etí rẹ̀ fi gbóná.

Dèjì dìde. "Mi ò bá Màmá jà o. Màmá ló ka lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi fún bàbá mi. Àmọ́ ìnagijẹ ò lè dìbò. Ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ tòótọ́, kí Màmá sì pè é bó ṣe wà lọ́jọ́ Sátidé."

Akọ̀wé jókòó ti Olúwadárasími, ó ń pe orúkọ tòótọ́ fún un, ìyẹn ń kọ ọ́ síwájú ìnagijẹ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fi ń ṣe èyí, Mẹ̀dínátù ti wọ ilé ìdáná lọ. Nígbà tó jáde, ó dúró níwájú Olúwadárasími.

"Ọmọ mi, mi ò lè pè wọ́n."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Mo bá wọn nílé."

"Ayé ti lajú, Màmá," Dèjì wí. "Ẹ sáà la ẹnu yín kí ẹ pè é. Kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Akọ̀wé yíjú sí i. "Tíṣà, lọ pe ìyá rẹ lórúkọ láàárín ọjà, kí o wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa."

Dèjì jókòó.

Wọ́n wá ẹlòmíràn tì. Àwọn ará ìdí ṣọ́ọ̀ṣì kò gbà kí ọmọ ilé Bàrúwà pe orúkọ, nítorí Akọ̀wé. Ilé Bàrúwà kò gbà kí ará ìdí ṣọ́ọ̀ṣì pè é, nítorí Dèjì. Mẹ̀dínátù nìkan ni apá méjèèjì fọwọ́ sí. Olúwadárasími di báàgì rẹ̀. "Màmá, mo máa padà wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ bá mi rò ó."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì, Mẹ̀dínátù gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ Màmá Àgbà lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú abọ́, ó ń fọ̀ ọ́. Màmá Àgbà kò ríran, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò gbọ́.

"Wọ́n ní o kọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sínú ìwé ìjọba."

"Mo kọ ọ́, mà."

Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín títí omi inú abọ́ fi dà sílẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó bi í léèrè pé:

"Ṣé o fẹ́ kí n tú ọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ ni?"

Mẹ̀dínátù fọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan kó tó dáhùn. "Mi ò mọ̀, mà. Bí ẹ bá tú mi sílẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹnu mi á lè ṣe é. Bí ẹ ò bá sì tú mi sílẹ̀, ẹ̀bá ọ̀nà ni àwọn ọmọ yóò tún máa kú sí."

"Hun-un." Màmá Àgbà mi orí. "Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀, tí n ó fi lè tú u. Ìyá ọkọ tèmi náà to àwọn tèmi sílẹ̀ fún mi báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Gbogbo wọn ti lọ tán báyìí, ó ku ẹyọ kan." Ó na ẹsẹ̀ kejì sí i. "Ọjọ́ tí o fún àwọn ọmọ mi lórúkọ, mo wò ọ́. Kò sí èyí tí o fi orúkọ rẹ̀ bú nínú wọn. Mo sọ fún bàbá Husain ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pé ọmọ yìí máa bá wa gbé."

Mẹ̀dínátù kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ó tẹrí ba sórí abọ́ náà.

"Aago mélòó ni nǹkan yẹn lọ́la?"

"Mẹ́sàn-án, mà."

"Bá mi wá ìborùn funfun mi."

Mẹ̀dínátù rò pé òtútù ló ń mú un.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, abẹ́ apá kún. Kò sí ògiri níbẹ̀, àwọn obìnrin kò sì mọ ibi tí wọ́n á jókòó sí. Wọ́n kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ iwájú díẹ̀díẹ̀. Baálẹ̀ wà lórí àga rẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún rẹ̀.

Mẹ̀dínátù dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohùn rẹ̀ yóò jáde láàárín ìlú láìgba ẹnu ọkùnrin kọjá. Orúkọ kìíní jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èkejì le díẹ̀. Nígbà tó dé ìdí ṣọ́ọ̀ṣì tó pe "Olúgbénga! Adéwùnmí! Ìtẹ́olúwakìíṣí!", àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ ọlọ ẹ̀gẹ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ń jáde, wọ́n ń tẹ̀ka, wọ́n ń ju ìwé sínú àpótí. Ó ń ṣe é dáadáa, òun náà sì mọ̀ pé òun ń ṣe é dáadáa. Ìyẹn ló jẹ́ kó nira jù nígbà tó ṣí ojú ewé tó kàn tó rí ilé Bàrúwà.

Ó dúró.

Ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Olúwadárasími wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì tètè fi ọwọ́ bò ó, bí ẹni tó ṣe ohun tí kò dáa.

"Ẹ yà! Ẹ yà lọ́nà!"

Akọ̀wé àti Ẹlẹ́pà ló ń bọ̀ láti ilé Bàrúwà, wọ́n gbé àga kan láàárín wọn, Màmá Àgbà sì wà lórí rẹ̀ nínú ìborùn funfun. Kò jáde láti inú ọgbà ilé fún ọdún mẹ́rin. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mẹ̀dínátù. Ó na ọwọ́ títí ó fi kan aṣọ rẹ̀.

"Ìyàwó, ka tìrẹ."

"Mà?"

"Èyí tí o mọ̀. Kà á sókè."

Mẹ̀dínátù gbé ìwé náà sókè. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Ìyá àgbà náà gbé orí sókè, ó sì fi ohùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ṣì wà lára rẹ̀ pè é: "Ṣìfáwù, ọmọ Bàrúwà!"

Obìnrin náà jáde, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹlẹ́pà."

"Ridwanullah, ọmọ Bàrúwà!"

Dèjì ti dìde. "Ṣé ó bá òfin mu báyìí?"

Olúwadárasími fi bíírò tọ́ka sínú ìwé tirẹ̀. "Ẹni tó mọ ojú wọn ló pè wọ́n jáde. Orúkọ tó wà nínú káàdì ni mo sì gbọ́."

Dèjì rò ó wò. Ó padà jókòó. "Kò burú," ó wí. "Kó máa lọ."

Ó ń lọ. Ọ̀kan pe orúkọ tó fún wọn nígbà tí wọ́n ṣì kéré, èkejì pe èyí tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ. "Akọ̀wé." "Habeebullah, ọmọ Bàrúwà!" Bàbá apárí náà jáde, ó tẹrí ba fún àwọn méjèèjì kó tó lọ gba ìwé.

Lẹ́yìn náà ni Mẹ̀dínátù kà á: "Bàbá wa."

Màmá Àgbà dákẹ́.

Gbogbo ìlú dúró. Baálẹ̀ ni ó kàn.

"Eléyìí ò sí lọ́wọ́ mi," Màmá Àgbà wí. "Bàbá Kékeré ni mò ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí mo dé. Mo bá a nílé."

"Ẹ fò mí," Baálẹ̀ wí, ó gbá ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Mo ti sọ ọ́ pé èmi ò tò."

"Bàbá, bí a bá fò yín, ẹ ò ní lè dìbò," Olúwadárasími wí. "Ìwé wa á sì fi hàn pé Baálẹ̀ ò sí níbẹ̀."

Màmá Àgbà yí ojú tí kò ríran sí ibi tí ohùn Baálẹ̀ ti wá. "Bàbá Kékeré, ẹ̀yìn yìí ni mo fi pọ̀n yín lọ sódò. Ẹ tọ̀ sí i lára lọ, ẹ tọ̀ sí i lára bọ̀. Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, mi ò pè yín lórúkọ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ n bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, wọ́n gbé e mì. Baálẹ̀ wo ilẹ̀. Ó wo ọ̀pá rẹ̀. Ó fi ọ̀pá náà ti àga, ó sì dìde láìmú un dání.

"Èmi ni Ọ̀ṣunníyì," ó wí, "ọmọ Bàrúwà. Mo wà níbí."

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbọ́ kí Baálẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀ rí. Àwọn ẹlòmíràn ló ń kì í, àwọn ẹlòmíràn ló ń kéde rẹ̀. Ó rìn lọ síbi tábìlì, ó dúró lẹ́yìn obìnrin kan tí kò tíì ṣe tán, ó dúró dè é títí ó fi ṣe tán. Ó tẹ̀ka. Ó ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí. Nígbà tó ń padà bọ̀, kò padà sórí àga rẹ̀. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Àgbà, láàárín àwọn obìnrin.

"Ìyàwó wa," ó wí fún arúgbó náà, "ẹnu yín ò dáa."

"Láti ìgbà tí mo ti dé ni," ìyẹn fèsì.

Orúkọ kan ṣoṣo ló kù ní ìsàlẹ̀ ìwé. Mẹ̀dínátù kọ́ ló kọ ọ́, Olúwadárasími ló kọ ọ́ sí i, nítorí ẹni tó kọ gbogbo ìlú sílẹ̀ ti gbàgbé ara rẹ̀. Mẹ̀dínátù wò ó bí ẹni tó pàdé ẹnìkan tó ti mọ̀ rí lójú ọ̀nà.

"Ó ku ta ni?" Màmá Àgbà béèrè.

"Ó ku ìyàwó ilé kan, mà."

Màmá Àgbà wá ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi rí i, ó dì í mú.

"Mẹ̀dínátù," ó wí. Kò pariwo eléyìí. "Mẹ̀dínátù, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ìyàwó ilé Bàrúwà. Ó wà níbí."

Láti ọjọ́ tí ìyá tó bí i ti kú, kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbé ìwé lé orí àga, ó lọ tẹ̀ka tirẹ̀, ó sì padà wá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí kò mọ ibòmíràn tí yóò lọ.

Dèjì ló wọlé. Ìbò mẹ́sàn-án ló fi ju Akọ̀wé lọ.

"Ìyàwó," Akọ̀wé wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "ẹ̀yin méjèèjì pè mí. Ó yẹ kí wọ́n kà mí sí méjì."

Dèjì ní kí Akọ̀wé ṣe igbákejì òun, ó sì ní kí Mẹ̀dínátù máa kọ ìwé ìgbìmọ̀. Ó ní abẹ́ apá ni wọn yóò ti máa pàdé. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kan ògiri. Olúwadárasími ti ń wọn ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ọjà pẹ̀lú okùn kó tó gun ọ̀kadà lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mẹ̀dínátù pe Toyibat. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Toyibat rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Èyí tó wà nínú rẹ yìí, bí i sí Ìlaró," ìyá rẹ̀ wí fún un. "Ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó wá láti wẹ̀ fún un. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, ilé la ó ti gbà á."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bí eléyìí ná."

"Mo ń dúró."

Lẹ́yìn náà ló gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ Màmá Àgbà lọ, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú abọ́.

"Ìyàwó," Màmá Àgbà wí.

"Mà?"

"Omi yìí dára."

Kò pè é ní Mẹ̀dínátù mọ́, lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ mìíràn. Mẹ̀dínátù kò sì retí rẹ̀. Ó bu omi sí ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, ó rọra ń fọ àárín ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì fo ìkankan.